Amọ̀ Kan, Iná Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Amọ̀ Sísun fún Kọnkéré, Ààrò àti Ọ̀dà ní Ìbàdàn

Àpò mẹ́ta lè wà nílẹ̀, kí ìyẹ̀fun funfun kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó ń tà á sì pe gbogbo wọn ní "kaolin". Ọ̀kan jẹ́ ẹfun tútù tí iná kò kàn rí. Èkejì ti rí iná 700°C. Ẹ̀kẹta ti kọjá 1000°C. Bí bíríkìlà bá da àkọ́kọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì, kọnkéré rẹ̀ yóò máa mu omi, kò sì ní lágbára. Bí ó bá da ẹ̀kẹta mọ́ ọn, owó ló fi ṣòfò, torí iṣẹ́ yanrìn kíkúnná lásán ni yóò ṣe níbẹ̀. Ti àárín nìkan ló ń bá sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀dà ni ẹ ń pò, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ̀kẹta lẹ ń wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ bèèrè ìwọ̀n iná. Iná tó pọ̀ kọ́ ni iná tó dára. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n iná tirẹ̀: bí iná bá dín, amọ̀ náà kò tíì di ohun tí a ń fẹ́; bí ó bá lé, ó ti di nǹkan mìíràn, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà.

Ohun tí iná ń ṣe sí amọ̀

Ìbàdàn jókòó lórí àpáta àtijọ́, gneiss àti quartzite, tí òjò àti oòrùn ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sọ di ilẹ̀ pupa. Irin ló pọ́n ilẹ̀ náà. Amọ̀ inú rẹ̀ gan-an, kaolinite ló pọ̀ jù níbẹ̀, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ ẹfun funfun tí wọ́n ń wà ní Ìjerò-Èkìtì, ní Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina àti ní Alkaleri ní Bauchi. Bí wọ́n ṣe mọ́ tó ni ìyàtọ̀ wọn.

Kaolinite tó mọ́ pátápátá ní nǹkan bí 46.5% silica (èròjà inú yanrìn), 39.5% alumina (èròjà tí àlùmíníọ̀mù wà nínú rẹ̀) àti 14% omi. Ẹ má rò pé omi tí ọwọ́ lè fún jáde ni. Oríṣi omi méjì ló wà nínú amọ̀: omi ojú ara, tí oòrùn ń gbẹ, àti omi inú egungun, tó so mọ́ amọ̀ náà débi pé iná nìkan ló lè lé e jáde.

Omi ojú ara ń lọ tán láàárín 100 àti 150°C. Amọ̀ tó gbẹ báyìí, bí òjò bá pa á, yóò tún di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri alámọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́ kì í fi í pẹ́ tí a kò bá rẹ́ ẹ, tí òrùlé rẹ̀ kò sì yọ síta dáadáa.

Láàárín 450 àti 600°C ni omi inú egungun ń jáde. Kaolinite 100 kg yóò ku 86 kg. Ètò tó mú un jẹ́ amọ̀ ti dàrú, ohun tó sì kù ni à ń pè ní metakaolin. Ó gbẹ, ó fúyẹ́, ebi láìmù, èròjà tó ń jáde nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, sì ń pa á: ó ń wá láìmù tí yóò bá so pọ̀. Ẹ da omi sí i bí ó ti wù yín, kò ní ṣeé mọ mọ́.

Ní nǹkan bí 980°C, alumina àti silica inú rẹ̀ tún ara wọn tò, ebi náà sì kú. Láti bí 1100°C lọ sókè ni mullite ń hù nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Mullite ló ń fún bíríkì iná, ìyẹn bíríkì tó ń fara da iná gíga, ní agbára, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í yọ́ títí ìgbóná yóò fi kọjá 1800°C.

Ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́ ṣì wà di òní, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí òjò ti ń rọ̀ lé e lórí. Omi inú egungun ti kúrò nínú àpáàdì wọ̀nyẹn, òjò kò sì lè dá a padà.

| Ohun | Iná tó rí | Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀ | Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ | Ibi tí kò yẹ |
|---|---|---|---|---|
| Ẹfun tútù | gbígbẹ nìkan | ó ń lẹ̀, ó ṣeé yí bí okùn | ìkòkò, bébà, ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú, amọ̀ tí a fi ń to bíríkì iná | kọnkéré |
| Metakaolin | 650–800°C | kì í lẹ̀. Ó ń le bí a bá fi láìmù pò ó | kọnkéré, mọ́tà, ike ara wáyà iná mànàmáná | ara ààrò |
| Bíríkì pupa | 900–1050°C | ó ń dún gooro | ògiri, ara ààrò búrẹ́dì | ibi tí iná ti ń ju 1000°C lọ |
| Ẹfun sísun tán | 1000–1100°C | ó funfun gan-an, ó ń ha nǹkan | ọ̀dà, bébà, rọ́bà | kọnkéré |
| Àpáàdì iná, tí òyìnbó ń pè ní chamotte | 1300–1500°C | hóró líle, kì í fa omi púpọ̀ | bíríkì iná, inú ìléru | ibi tí kò sí amọ̀ tútù tí yóò so ó pọ̀ |
| Hóró amọ̀ wíwú | 1100–1200°C | ó fúyẹ́, inú rẹ̀ kún fún ihò | kọnkéré fúyẹ́, ọ̀gbìn | òpó tó ń ru ẹrù ńlá |

Fún kọnkéré: sìmẹ́ǹtì lásán, metakaolin, tàbí bíríkì lílọ̀?

Bí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, ohun méjì ló ń bí. Àkọ́kọ́ ni lẹ́ẹ̀ tó ń so yanrìn àti òkúta pọ̀. Èkejì ni láìmù, tí kò fi agbára kún iṣẹ́ náà, tí omi sì lè fọ̀ jáde kí ihò ṣẹ́ kù. Metakaolin ń jẹ láìmù yìí, ó sì ń sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀ sí i. Ihò inú kọnkéré yóò dín, omi kò ní ráyè wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó dípẹtà. Wọ́n ti lo amọ̀ sísun báyìí nínú kọnkéré dáàmù Jupiá ní Bràsíl láti àwọn ọdún 1960.

Bí ẹ bá ń kọ́ bọ́ńgálò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, sìmẹ́ǹtì lásán tí a tọ́jú dáadáa tó yín. Ẹ má ná owó tí kò pọn dandan. Ibi tí metakaolin ti ń pa owó rẹ̀ ni táńkì omi, adágún ẹja, sókàwéè, ilẹ̀ ilé adìyẹ àti ìpìlẹ̀ nínú ilẹ̀ àbàtà, níbi tí omi ti ń bá kọnkéré jà lójoojúmọ́.

Bíríkì lílọ̀ ni àṣàyàn tálákà, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ń pè é ní surkhi, àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà sì pò ó mọ́ láìmù. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé bíríkì tó jóná dáadáa ni àwọn ènìyàn ń kó lọ lọ̀, bẹ́ẹ̀ ebi láìmù ti kú nínú rẹ̀. Èyí tí bíríkìlà kọ̀, tí iná kò jó tó, tí kò dún gooro, òun ló dára jù fún lílọ̀. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ kò dúró lójú kan, torí iná tó rí kò dọ́gba. Ẹ lò ó nínú mọ́tà àti nínú ìrẹ́ ògiri, ẹ má fi sínú òpó.

Ìwọ̀n tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ rèé. Nínú àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg, ẹ yọ 5 kg, ẹ fi metakaolin 5 kg dípò rẹ̀, 10% nìyẹn. Láàárín 5% àti 15% ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń wà. Bí ó bá ti kọjá 20%, láìmù tí sìmẹ́ǹtì bí lè má tó jẹ mọ́, kọnkéré náà yóò sì máa béèrè omi ṣáá.

Orí òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Páànù ni àwọn lébìrà fi ń wọn nǹkan, metakaolin sì fúyẹ́ gan-an nígbà tí a kò bá kì í. Páànù tó gba sìmẹ́ǹtì 24 kg, metakaolin inú rẹ̀ kì í ju 6 sí 8 kg lọ. Ẹni tó bá yọ páànù sìmẹ́ǹtì kan, tó fi páànù metakaolin kan rọ́pò, ó ti yọ 24 kg, ó sì dá 8 kg padà. Kọnkéré náà yóò sán, metakaolin ni wọn yóò sì di ẹ̀bi rù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn adìyẹ wá síbi iṣẹ́ bí kò bá sí òmíràn.

Omi: 22 sí 25 lítà fún 50 kg sìmẹ́ǹtì àti metakaolin lápapọ̀, kí ẹ sì dín in bí yanrìn bá ti tutù lásìkò òjò. Kọnkéré náà yóò le lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí metakaolin kúnná, gbogbo hóró kékeré rẹ̀ ló sì ń fẹ́ omi bo ara. Bí ó bá ti le báyìí, lébìrà yóò fẹ́ da korobá omi kan sí i. Omi yẹn ni yóò jẹ gbogbo èrè tí ẹ ń wá. Ohun tó yẹ ni superplasticizer, oògùn tó ń mú kọnkéré ṣàn láìjẹ́ pé a fi omi kún un. Ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà lára ike rẹ̀.

Lẹ́yìn dídà, ẹ máa tú omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì mú un dé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Metakaolin kì í jẹ láìmù nínú kọnkéré tó ti gbẹ.

Ẹ tún wo ara àpò sìmẹ́ǹtì yín. Bí wọ́n bá kọ CEM II sí i, ohun mìíràn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkúta láìmù lílọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò burú, metakaolin àti òkúta láìmù ń ran ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì pọ́ńbélé inú rẹ̀ ti dín, nítorí náà ẹ má fo ìdánwò. Ẹ dá kúùbù kọnkéré 150 mm mẹ́fà, kí ẹ fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ keje, mẹ́ta ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí ẹ tó da òpó kankan. Yunifásítì Ìbàdàn àti The Polytechnic, Ibadan ní ẹ̀ka civil engineering. Irú ibẹ̀ ni a ti ń béèrè ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́ kúùbù.

Ẹni tó bá ń ra ọjà púpọ̀, kí ó béèrè ìwé ìdánwò. Ìlànà ASTM C618 fún amọ̀ sísun, tí wọ́n pè ní Class N, ní kí silica, alumina àti irin inú rẹ̀ lápapọ̀ tó 70%, kí ohun tó kù sórí ajọ̀ 45 micron má ju 34% lọ, kí agbára mọ́tà tí a fi 20% rẹ̀ dípò sìmẹ́ǹtì sì tó 75% agbára ti sìmẹ́ǹtì lásán.

Ìròyìn kan wà nínú èyí tó yẹ kó dùn mọ́ àwa tí ilẹ̀ wa pupa. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní LC3 ní 50% clinker (òkúta sísun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì), 30% amọ̀ sísun, 15% òkúta láìmù àti 5% gypsum. Amọ̀ tí kaolinite inú rẹ̀ bá tó 40% ti yẹ fún un. Kò pọn dandan kí ó funfun. Clinker ń fẹ́ iná 1450°C, amọ̀ ń fẹ́ 700 sí 850°C péré, kì í sì í tú èéfín òkúta láìmù síta. Ilé iṣẹ́ ńlá ló lè ṣe é, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n amọ̀ tó yẹ fún un kò jìnnà sí wa.

Bí ẹ bá fẹ́ sun metakaolin fúnra yín

Ẹ sá amọ̀ náà kí ó gbẹ, ẹ fọ́ ọ kí hóró tó tóbi jù má ju 10 mm lọ, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ irin kí ó má nípọn ju 3 sí 5 cm lọ. Ẹ mú iná gòkè ní bíi 5°C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé 700 sí 750°C, ẹ dá a dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Orí wáyà thermocouple, ohun tí a fi ń wọn ìgbóná, irú K ti tó, gbọ́dọ̀ wọnú amọ̀ náà, kì í ṣe kí ó máa wọn afẹ́fẹ́ inú ìléru. Afẹ́fẹ́ lè ti dé 750°C nígbà tí àárín amọ̀ ṣì wà ní 500°C. Bí ó bá tutù, ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bíi sìmẹ́ǹtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Bí amọ̀ bá nípọn jù nínú abọ́, ìsàlẹ̀ yóò tutù, òkè yóò jóná kọjá ààlà. Bí iná bá kọjá 850°C, ebi láìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní nǹkan bí 980°C ó ti kú tán. Bí ẹ bá fọ́ hóró kan tí àárín rẹ̀ dúdú, ewé àti egbò inú amọ̀ náà kò rí afẹ́fẹ́ jó tán; ẹ dín bí ó ṣe nípọn, ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sí i. Bí ó bá pọ́n, irin ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn kò ṣe kọnkéré ní nǹkan kan yàtọ̀ sí àwọ̀.

Iná tí àwọn amọ̀kòkò ń dá síta gbangba, bíi ti Ìpetumodù, tí wọ́n ń fi igi àti koríko bo ìkòkò, sábà máa ń wà láàárín 600 àti 900°C, ó sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Kò ṣeé gbára lé fún metakaolin. Fún àmù, òun gan-an ló tọ́. Àmù tó rí iná níwọ̀nba ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà yọ sí ojú ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbẹ omi yẹn, èyí tó wà nínú sì ń tutù. Ẹ sun àmù kan náà dé 1200°C, ihò yóò dí, omi inú rẹ̀ yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi inú ike. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, fi ìkòkò sínú ìkòkò, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ àti tòmátì lè pẹ́, iṣẹ́ yìí ló sì gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Amọ̀ tí iná rẹ̀ kò pọ̀ ló fi ṣe é.

Bí ẹ ó ṣe mọ ohun tó wà nínú àpò

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ pò ó, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá di okùn tí kò já, ẹfun tútù ni, tàbí wọ́n dà á mọ́ ọn. Èyí tó ti rí iná tó tọ́ yóò máa tú ká.

Ìkejì ń fẹ́ òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù àti ìléru kékeré. Ẹ gbẹ 100 g ní 110°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sun ún ní 950°C fún wákàtí kan, ẹ tún un wọ̀n. Ẹfun tútù tó mọ́ yóò pàdánù bí 14 g. Metakaolin yóò pàdánù 1 sí 2 g. Ẹfun sísun tán kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ 6 g, wọn kò sun ún tán. Bí ó bá ju 14 g lọ dáadáa, ẹ fura sí òkúta láìmù lílọ̀. Ẹ da ọtí kíkan sí díẹ̀ nínú èyí tí ẹ kò tíì sun, bí ó bá hó, àṣírí ti tú.

Ìdánwò méjì yìí kò lè sọ bóyá metakaolin ti jóná jù, ìkẹta ló lè sọ ọ́. Ẹ po ìyẹ̀fun náà àti láìmù tí a ti pa lómi, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, kí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Metakaolin gidi yóò ti le, èékánná kò ní wọ̀ ọ́, omi kò sì ní tú u. Ẹfun tútù àti èyí tó jóná jù yóò rọ̀ tàbí kí wọ́n tú. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe é, torí láìmù ń jó ara, ó sì lè fọ́ni lójú.

Fún ààrò búrẹ́dì: búlọ́ọ̀kù, bíríkì pupa, tàbí bíríkì iná?

Ẹ mú búlọ́ọ̀kù kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ná. Láìmù inú sìmẹ́ǹtì ń bàjẹ́ láàárín 400 àti 500°C. Bí ààrò bá tutù, tí òjò tàbí afẹ́fẹ́ tútù sì kàn án, ohun tó kù níbẹ̀ yóò tún mu omi, yóò wú, yóò sì bó. Yanrìn inú rẹ̀ náà, quartz ni, ó sì ń tóbi lójijì ní 573°C. Ohun kan náà ló ń ba mọ́tà sìmẹ́ǹtì jẹ́, nítorí náà bí ẹ bá ra bíríkì iná olówó gọbọi, tí ẹ wá fi mọ́tà sìmẹ́ǹtì tò ó, bíríkì yóò kù, ojú ìtò rẹ̀ yóò sì jábọ́.

Ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ló ń rò pé gbogbo ara ààrò ló gbọ́dọ̀ jẹ́ bíríkì iná. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí búrẹ́dì ń jókòó sí kì í ju 200 sí 300°C lọ. Ibi tí igi ti ń jó gan-an ló lè dé 600 sí 800°C. Bíríkì pupa tó jóná dáadáa yóò ru ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ògiri àti òrùlé. Bíríkì iná, ẹ fi sí ẹnu iná àti ilẹ̀ ibi tí igi ti ń jó, torí ibẹ̀ ni iná, eérú àti ìtì igi ti ń gbá a lójoojúmọ́.

Bíríkì pupa: ẹ gbá méjì mọ́ra, kí ó dún gooro. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ rì í sínú omi fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá fi ju 20% wúwo sí i, iná kò jó o tó. Bí ẹ bá rí hóró funfun nínú ibi tó ṣẹ́, láìmù ni, yóò mu omi, yóò wú, yóò sì bẹ́ bíríkì náà. Ẹ kọ̀ ọ́.

Bíríkì iná oríṣi méjì ló wà, 230 × 114 × 64 mm sì ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Èyí tó wúwo, bí 3.5 kg, ń gba ìgbóná sínú, ó ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fara da ìlò. Èyí tó fúyẹ́, bí 1 kg, ihò ló kún inú rẹ̀, torí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí ohun tó jọ ọ́ mọ́ amọ̀ rẹ̀ kí ó lè jó kúrò. Kì í jẹ́ kí ìgbóná jáde, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Igi kan tí a jù lù ú yóò ya á. Ẹ fi èyí tó wúwo síwájú, ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó kò wọ́n ní ọjà pákó Bódìjà, amọ̀kòkò tó bá sì fẹ́ gbìyànjú bíríkì fúyẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi tò ó ni àpáàdì iná lílọ̀ tó gba inú ajọ̀ 1 mm kọjá, ìwọ̀n méjì, àti amọ̀ tútù, ìwọ̀n kan, kí omi rẹ̀ má pọ̀. Ojú ìtò kò gbọ́dọ̀ ju 3 mm lọ. Àpáàdì ti súnkì tán nínú iná àkọ́kọ́ rẹ̀, amọ̀ tútù nìkan ni yóò súnkì. Ìdí nìyẹn tí ojú ìtò tó tín-ín-rín kì í fi í sán. Ẹni tó bá fi amọ̀ tútù nìkan tò ó yóò rí ihò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́ ọ tán, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lábẹ́ òrùlé. Iná àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju kí ọwọ́ lè súnmọ́ ọn: bí 100 sí 120°C fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó máa mú un gòkè. Omi tó há sínú ògiri, bí ó bá di ooru lójijì, yóò bẹ́ bíríkì jáde.

Àwọn tó ń rọ ìkòkò àlùmíníọ̀mù: àlùmíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, nítorí náà ìléru yín kò nílò bíríkì tó gbówó lórí jù. Àpáàdì iná 70%, láti ìyẹ̀fun dé hóró 5 mm, àti amọ̀ tútù 30%, pẹ̀lú omi bí 10% ìwọ̀n wọn, tí a gún mọ́lẹ̀ dáadáa, tó. Ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ yín lógún ni gbígbẹ. Ẹ má da irin yíyọ́ sí ibi tó tutù láé, torí ooru omi yóò fọ́n irin náà sí yín lójú.

Fún ọ̀dà

Ẹfun tútù, hóró rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rọ̀, kì í sì í rì kíákíá nínú ike. Ẹfun sísun tán, tó rí bí 1000 sí 1100°C, hóró rẹ̀ ti so pọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ láàárín wọn, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, tí ọ̀dà fi ń bo ògiri. Nítorí náà ó lè gba apá kan lára ipò titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tó ń mú ọ̀dà bo ògiri, tó sì gbówó lórí jù nínú ike náà. Apá kan ni a wí: bí ẹ bá yọ titanium tán, ọ̀dà tó bo ògiri nígbà tó gbẹ yóò tún fi ògiri hàn nígbà tí òjò bá rin ín.

Ó ń mu òróró àti gọ́ọ̀mù ju ẹfun tútù lọ. Bí ẹ bá fi ẹfun sísun rọ́pò ẹfun tútù kílò sí kílò láìfi gọ́ọ̀mù kún un, ọ̀dà náà yóò máa bá ọwọ́ lọ bí ẹfun ìkọ̀wé. Ó tún le, yóò sì jẹ ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìpoọ̀dà yín. Fún ọ̀dà inú ilé àti ti àjà, a fara mọ́ ẹfun sísun. Fún ọ̀dà ìta, ẹ dín in kù.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú

Hóró amọ̀ wíwú, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe bíríkì, Stephen Hayde, ló gba ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1918. Amọ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní ojú ara nígbà tí afẹ́fẹ́ ń bí nínú rẹ̀, ó sì ń wú bí àkàrà. Ẹfun tó mọ́ kò lè ṣe èyí, nítorí kì í yọ́ ní ìwọ̀n iná yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹfun fún yín fún iṣẹ́ yìí. Ẹ rẹ hóró amọ̀ wíwú sómi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó pò ó mọ́ kọnkéré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò mu omi sìmẹ́ǹtì.

Bentonite tí wọ́n ń fi gbẹ́ kànga àti èyí tí wọ́n ń fi so yanrìn ìrọrin pọ̀, tútù ni kí ẹ ra á. Wíwú nínú omi ni iṣẹ́ rẹ̀, iná sì ń pa ìyẹn. Vermiculite, tí àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn ń fẹ́, yàtọ̀: iná òjijì ló ń mú un ṣí bí ìwé, tó fi ń tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ sí ogún. Bí iná bá rọra gòkè, omi inú rẹ̀ yóò yọ́ jáde, kò sì ní ṣí dáadáa.

Eruku gbogbo wọn ló léwu, pàápàá èyí tí quartz wà nínú rẹ̀ àti àpáàdì tó rí iná gíga, torí iná tó kọjá 1200°C ń bí cristobalite, oríṣi silica kan tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó kúnná jù, tí ojú kò rí, ni ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í san. Aṣọ tí a wé mú kò tó. Ìbòmú irú N95 ni kí ẹ lò, ẹ fi omi gé bíríkì, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìyẹ̀fun nílẹ̀ gbígbẹ, ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ yín síbi iṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọmọ.